Eérú Tí Òjò Ti Bá Mi Sẹ́

Ìwé méjì ló wà nínú àpòòwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa nígbà tí ọmọbìnrin mi rí àyè wọ ilé-ìwé girama tó ní ilé ìgbé. Ìwé kìíní jẹ́ ìwé ayọ̀, kò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ. Ìwé kejì gùn bí ọ̀nà oko. Òun ni ìwé ẹrù. Gbogbo ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ kó wá ni wọ́n tò sínú rẹ̀: ọṣẹ ìfọṣọ, ọṣẹ ìwẹ̀, ìpara, ohun mímu, ìpanu, gààrí, ìrọ̀rí, ìgbálẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan: ọmọ tí ẹrù rẹ̀ kò bá pé, ẹnu géètì ni yóò ti padà sílé. Bí ọjọ́ ìwọlé bá sì ti kọjá, ọmọ mìíràn ni yóò gba bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ìkọ̀lé là ń gbé nígbà náà. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ọdún náà ni àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá. Ẹnu gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ ìrètí, ṣùgbọ́n ìkòkò kò tíì gbọ́. Owó oṣù wa ń fà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbàgbé oṣù tí wọ́n ń san lé wa lọ́wọ́.

Ọkọ mi ka ìwé ẹrù náà tán, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Bí ẹni pé awò ló ń sọ ẹrù di púpọ̀.

Ó ní, "Ìyá wọn, ẹ jẹ́ ká dúró di ọdún tó ń bọ̀."

Mo ní, "Ṣé ọdún tó ń bọ̀ ò ní béèrè ẹrù ni, Bàbá wọn?"

"Kí la fẹ́ fi rà á?"

"Ta ló sọ pé a fẹ́ rà á? Màá ṣe é."

"Ṣe kí ni?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, ìwọ náà ni màá wò." Ó ti bá mi gbé pẹ́ tó láti mọ̀ pé n kì í fi ẹnu ṣeré lórí ọ̀rọ̀ ilé ìdáná.

Ẹ má rò pé mo ń yangàn. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni. Nílé ìyá tó bí mi, ohun kan kì í dé ààtàn kí ẹnu tàbí ọwọ́ tó gbà á tán. Èèpo iṣu, a ó sá a, ewúrẹ́ ló ni ín. Omi tí a fi se iṣu, a kì í dà á nù. Bí a bá bu iyọ̀ àti ata díẹ̀ sí i, àwọn ọmọdé á fi dúró de iyán. Iyán tó bá ṣẹ́ kù lálẹ́, a ó gé e wẹ́wẹ́ láàárọ̀, a ó sọ ọ́ sínú omi gbígbóná, a ó tún un gún, àlejò ò ní mọ ìyàtọ̀ àyàfi bó bá jẹ́ ọmọ Èkìtì. Ọmọ Èkìtì á mọ̀, ṣùgbọ́n á jẹ ẹ́, kò sì ní sọ̀rọ̀, torí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é nílé tiwọn. Ẹni tí wọ́n bá tọ́ báyìí, bó bá rí ìwé ẹrù, kì í rí ọjà. Iṣẹ́ ló ń rí.

Torí náà, bí ilé-ìwé ti gba ìsinmi, mo bẹ̀rẹ̀. Ohun mímu ni mo kọ́kọ́ ṣe. Àwọn nọ́ọ̀sì ti kọ́ wa ní ibi ìgbẹ̀bí bí a ṣe ń lo ẹ̀wà sóyà fún ọmọ ọwọ́. Mo yan sóyà títí ó fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú, mo yan ọkà bàbà lọ́tọ̀, mo fi atalẹ̀ gbígbẹ sí i, mo gbé e lọ sí ẹ̀rọ, mo sì fi aṣọ jọ̀ ọ́. Bí o bá da omi gbígbóná sí i, òórùn rẹ̀ á pe ará ilé kejì wá. Mo po àdín mọ́ òrí, mo fi ṣe ìpara. Mo ṣa òwú àràbà tó já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ilé-ìwé wa, mo fi kún ìrọ̀rí. Mo din ìpékeré, mo gún àádùn, mo yan gààrí. Ọwọ̀ ọ̀pẹ ni mo há fún ìgbálẹ̀. Ata díndín kò sí nínú ìwé ẹrù, ṣùgbọ́n ìyá wo ni yóò rán ọmọ lọ jẹ ẹ̀wà ilé-ìwé láìsí ata díndín?

Ọmọbìnrin mi ń wò mí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ojú sì ti ń là á. Ọmọ ará ilé tó kángun sí tiwa náà ń lọ sí ilé ìgbé, agolo tó ń dán ni wọ́n sì ń kó sínú àpótí tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Mọ́mì, ṣé dúdú ni ọṣẹ yẹn máa jẹ́?"

"Àwọ̀ wo lo fẹ́ kó jẹ́?"

"Àwọn yòókù á ní àwọ̀ ewé, á sì máa ta sánsán. Wọ́n á máa pè mí ní ará oko."

"Ará oko ló ń bọ́ ará ilé. Gbé ajere yẹn wá fún mi."

Ó gbé ajere wá, ṣùgbọ́n ó gbé e bí ẹni gbé òkú ejò. Mo rí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọṣẹ ni mo gbájú mọ́, torí òun ló le jù nínú gbogbo ẹrù náà, òun sì ni mo rò pé mo mọ̀ jù.

Ìrè ni ilé ọkọ mi, ibẹ̀ ni oko kòkó wọn wà, eérú èèpo kòkó sì ni a fi ń se ọṣẹ dúdú. Mo gba ọkọ̀ dé Ọ̀yẹ́, mo gun ọ̀kadà dé Ìrè ní ọjọ́ Sátidé kan. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, kò sí nílé. Ó lọ sí Ìbàdàn lọ wẹ ọmọ fún àbúrò ọkọ mi tó bímọ. Mo kó èèpo kòkó gbígbẹ jọ lóko, mo sun ún lórí ilẹ̀ gbalasa, ó sì jó di eérú funfun tó rẹwà. Mo ní kí ó tutù, kí n tó wá kó o. Nígbà tó di òru, òjò rọ̀. Òjò ò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Nígbà tí mo dé oko láàárọ̀, eérú mi ti di ẹrẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti se ọṣẹ rí, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi ò mọ̀. Mo kó ẹrẹ̀ eérú náà sínú bàsíà, mo gbé e dé ilé Yèyé, mo sá a sórí páànù ọjọ́ mẹ́ta títí ó fi gbẹ tó ń fẹ́ bí àtíkè. Ní ojú mi, eérú tó bá ti gbẹ, eérú náà ni. Mo ki oguṣọ̀, ìyẹn háhá ẹyìn gbígbẹ, sí ihò ìdí ajere, mo da eérú sí i, mo da omi sí i, ó ń kán tó tó tó sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń sẹ́ omi eérú gbọ́dọ̀ fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Bí kò bá ta á láhọ́n bí ata, kò tíì tó. Èmi ò tọ́ nǹkan kan wò. Mo gbé omi náà kaná, mo da àdín lé e, mo ń rò ó.

Mo rò ó láti àárọ̀ di ọ̀sán. Omi wà nísàlẹ̀, àdín wà lókè, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo ní iná ni kò tó. Mo kó igi sí i. Ọmọbìnrin mi, tí mo mú dání, jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ìkòkò, ó ń wò mí.

Ibi tí mo wà nìyẹn tí ọ̀kadà fi já Yèyé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò tilẹ̀ tíì sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀ tó fi yọjú sí ìkòkò. Ó ní kí n bu omi eérú tó ṣẹ́ kù wá. Ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó lá a.

"Aya mi, kí lo fi sẹ́ eléyìí?"

"Eérú kòkó ni, Yèyé. Ẹ kú àbọ̀ o."

"Máà tíì kí mi. Níbo lo ti sun ún?"

"Lóko ni."

"Òjò òru Sátidé, àwọn ará ọ̀nà ní ó rọ̀ gidi níhìn-ín. Níbo ló bá eérú ọ̀hún?"

Mo ní, "Ó pa á lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo sá a, ó gbẹ dáadáa."

Yèyé jókòó sórí àpótí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. "Òjò ti bá ọ sẹ́ ẹ tán! Ulẹ̀ oko ti mu omi ọṣẹ rẹ. Gbogbo koríko ibẹ̀ á ti mọ́ tónítóní. Òfìfo lo wá ń sè yìí, aya mi, àfi bí ẹni ń se òkúta!"

Mo wo ọmọbìnrin mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ló kù kí wọ́n wọlé. Mo ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé màá ṣe gbogbo rẹ̀, mo ti sọ fún òun náà pé kó fọkàn balẹ̀, bẹ́ẹ̀ èèpo kòkó gbígbẹ ti tán lóko, tuntun ṣì wà lórí igi. Bí ọṣẹ ò bá sí, ẹrù ò pé. Bí ẹrù ò bá pé, mo ti rí ìlà pupa náà.

Yèyé nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Kọ́kọ́ ré àdín rẹ kúrò lórí omi yẹn, kò ṣe nǹkan kan. Lọ́la, lọ bá àwọn tó ń ṣe epo létí odò. Udì ẹyìn tí wọ́n ti já tán ni wọ́n fi ń dáná, abẹ́ àtíbàbà sì ni. Òjò ò lè bá eérú tiwọn sẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í ta eérú o, wọn kì í sì í fi tọrẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, ẹsẹ̀ ló máa fi gbà á."

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, bí wọ́n ṣe ń ṣe epo níbẹ̀ nìyí: wọn á se ẹyìn, wọn á dà á sínú kòtò tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, wọn á sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ara rẹ̀ á fi bọ́ lára èkùrọ́, lẹ́yìn náà wọn á da omi sí i kí epo léfòó. Iṣẹ́ alágbára ni. Mo dé ibẹ̀ ní kùtùkùtù pẹ̀lú ọmọ mi. Obìnrin márùn-ún ni mo bá, èyí tó dàgbà jù nínú wọn ló ń dáná.

"Ìyàwó Ìkọ̀lé!" ó pariwo. "Kí lo wá ṣe? Epo ò tíì yọ."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi. Eérú ni mo wá tọrọ."

"Eérú! Ẹ gbọ́, tíṣà tó wọ sálúbàtà ló ń wá eérú!"

Òmíràn ti inú kòtò dáhùn, "Ẹ ní kó bọ́ sálúbàtà náà. Kó ká ìró rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ẹsẹ̀ tíṣà, bóyá ó mọ iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀kì."

Mo bọ́ bàtà, mo ká ìró, mo wọ inú kòtò. Mo ti gbàgbé bí ẹyìn ṣe ń yọ̀. Ìṣísẹ̀ kẹta ni mo jókòó bàì sínú rẹ̀.

"Ẹ kọ máàkì fún un!"

"Máàkì wo? Ó tún kíláàsì jẹ!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo dìde, mo di èjìká obìnrin tó wà níwájú mi mú, a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ìyá tó ń dáná wá rí ọmọ mi lábẹ́ igi, tó jókòó bí àlejò.

"Ọmọ ta nìyẹn tó ń wò wá bí aṣọ́bodè?"

Mo ní, "Tèmi ni. Òun ló fẹ́ kó ọṣẹ lọ sílé-ìwé."

"Hẹn-ẹn! Ìwọ la torí rẹ̀ sọ tíṣà sínú epo, ìwọ wá jókòó gẹlẹtẹ! Bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, jàre. Ẹsẹ̀ méjì ni Olúwa fún ìwọ náà."

Ọmọ mi wò mí bóyá màá gbà á sílẹ̀. N kò gbà á sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó wọlé. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn kan àtàrí tí mo ní kó lọ sinmi, ó ní kò rẹ òun. Èmi ló rẹ̀.

Wọ́n kún bàsíà mi ní eérú dé ẹnu. Alẹ́ ọjọ́ náà ni a sẹ́ ẹ, mo sì tọ́ ọ wò. Ó ta mí láhọ́n débi pé ọbẹ̀ tí mo jẹ lọ́jọ́ kejì, n kò mọ̀ bóyá ó níyọ̀. Nígbà tí a gbé e kaná tí a da àdín sí i, kò pẹ́ tí méjèèjì fi ń gbá ara wọn mú. Ó ki, ó dúdú, ó ń mí gbùdùgbùdù, ó wá ń kóra jọ sí àárín ìkòkò. Ọmọbìnrin mi ló di ọmọrogùn mú nígbà tí apá mi ti ń kú, Yèyé sì ń sọ fún un pé, "Rò ó lọ́nà kan. Bí o bá yí i padà, ó máa ro ti ara rẹ̀." N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó rò ó lọ́nà kan.

A pín ọṣẹ náà sí méjì. A fi òrí àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ po apá kan fún ìwẹ̀, a fi èkejì sílẹ̀ bó ṣe wà fún ìfọṣọ. Ewé eéran la fi dì wọ́n.

Ọjọ́ ìwọlé, àwa àti àpótí páànù wa tò sí ẹnu géètì ilé-ìwé náà lójú ọ̀nà Ìdó. Mẹ́tíróònù jókòó sídìí tábìlì, ìwé ẹrù níwájú rẹ̀, bírò lọ́wọ́. Obìnrin tó ga ni, ojú rẹ̀ le. Ọmọ tó wà níwájú wa, agolo inú àpótí rẹ̀ tó ṣí ìsọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìgbálẹ̀. Mẹ́tíróònù ní kí wọ́n padà. Baba ọmọ náà wọ kóòtù, òógùn sì ń dà lára rẹ̀. Ó ní níbo lòun ti fẹ́ rí ìgbálẹ̀ báyìí. Mo tú tiwa, mo pín in sí méjì, mo di ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo na ọ̀kan sí i. Mẹ́tíróònù wò mí, ó mi orí, ó fa ìlà sí i fún wọn.

Ó kàn wá. Ó ní, "Ohun mímu?"

Mo gbé ike jáde. Ó ṣí i.

"Kí nìyí, Màmá?"

"Ohun mímu ni."

"Inú agolo la máa ń rí i."

"Ìwé yín ò kọ agolo, mà. Ẹ tọ́ ọ wò."

Ó fi ìka kó díẹ̀, ó lá a. Ó tún kó díẹ̀, ó ní òun fẹ́ mọ̀ dájú. Ó fa ìlà. Ìpara kọjá, ìrọ̀rí kọjá, ìpékeré kọjá. Ó dé orí ọṣẹ, ó tú ewé, ó sì fi bírò lélẹ̀.

"Èyí ò lè wọlé."

Mo ní, "Kí ló ṣe é, mà?"

"Funfun ni aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn níbí, funfun ni súwẹ́ẹ̀tì, funfun ni ìbọ̀sẹ̀. Ọṣẹ dúdú á sọ gbogbo rẹ̀ di eérú. Ẹ lọ ra ọṣẹ, kẹ́ ẹ padà wá."

Ó mọ̀, èmi náà sì mọ̀, pé ẹni tó bá kúrò lórí ìlà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀la ló ń padà bọ̀, ọ̀la sì ti pẹ́ jù. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin mi ti bẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ pupa gáréèjì ti gba ojú sáńdà rẹ̀ wọlé, ó ti kùn ún láti àtàǹpàkò dé gìgísẹ̀. Ó bù nínú ọṣẹ náà, ó fi ẹsẹ̀ kan bàtà, ẹsẹ̀ kan òfìfo, lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó fọ̀ ọ́ bí mo ṣe kọ́ ọ: ó kọ́kọ́ rẹ ẹ́, ó fi ọṣẹ pa á, ó fi ọwọ́ gbo ó, ó fún un, ó tún un gbo. Ìfófòó rẹ̀ funfun, omi tó ń ṣàn lọ pupa. Àwọn ìyá tó wà lórí ìlà ti ń na ọrùn.

Ó gbé ìbọ̀sẹ̀ náà wá, ó fi fún mẹ́tíróònù pẹ̀lú orúnkún nílẹ̀. Obìnrin náà yí inú rẹ̀ síta, ó gbé e sókè sí oòrùn.

"Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ aṣọ fífọ̀?"

"Mọ́mì mi ni, mà."

"Ta ló se ọṣẹ yìí?"

"Àwa ni."

Kò sọ pé Mọ́mì mi ni. Mo gbọ́ ọ dáadáa, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé.

Mẹ́tíróònù mú bírò, ó fa ìlà tó kẹ́yìn, ó kọ orúkọ ọmọ mi sínú ìwé ńlá. Ó tún wo ewé ọṣẹ náà. "Màmá," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "èyí ti pọ̀ jù fún ọmọ kan. Ẹ ò jẹ́ kí n bù díẹ̀ nínú ẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, mà."

Ọmọbìnrin mi wo mẹ́tíróònù, ó wo ọṣẹ. Ó fi èékánná bù ú, tó bí orí ìka, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un, ó sì fi ewé di èyí tó kù padà, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò ti ní tètè débẹ̀. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ tútù náà padà sẹ́sẹ̀. Ọmọ tí baba rẹ̀ wọ kóòtù bá a di etí àpótí kejì mú, wọ́n gbé e, wọ́n wọlé.